Ẹ Má Fi Ẹni Tó Farapa Falẹ̀

  



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lóṣù yìí kò wọ́pọ̀ lórí mínbárì. Ọ̀rọ̀ egbò ni, ọ̀rọ̀ eegun tó kán, ọ̀rọ̀ orí tó fi ilẹ̀ gbá. Àwa ọ̀dọ́ ni ọ̀kadà ń gbé jù. Àwa là ń rìnrìn àjò òru lọ sí ìpàgọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́. Àwa náà là ń gun òrùlé mọ́sáláṣí lọ tún páànù ṣe nígbà tí ìjì bá ṣí i. Nígbà tí jàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, a ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ìdúró ló ń parí ohun tí jàǹbá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dúró de bàbá, wọ́n á dúró de Àfáà, wọ́n á dúró de owó, wọ́n á ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Nígbà tí ilẹ̀ ọ̀hún bá fi máa mọ́, pósí ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú hádíìsì kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tó jókòó ní ilé-kéú mọ̀, èyí tí Abu Dawud gbà wá láti ọ̀dọ̀ Jabir ọmọ Abdullah. Àwọn Sàhábà kan wà lórí ìrìn àjò, òkúta ba ọ̀kan nínú wọn, ó sì fọ́ ọ lórí. Lẹ́yìn náà ọkùnrin yìí lálàá, ìwẹ̀ jánábà wá di dandan fún un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń rìn léèrè bóyá wọ́n rí ìyọ̀ǹda fún òun láti ṣe tàyámámù. Wọ́n ní àwọn kò rí i, nítorí omi wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ànábì tí wọ́n ròyìn fún un, ó ní àwọn ni wọ́n pa á. Ó bi wọ́n pé èé ṣe tí wọn kò fi béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé ìbéèrè ni oògùn àìmọ̀.

Nígbà tí a bá dé orí tàyámámù la máa ń ka hádíìsì yìí fún àwọn ọmọ kéú, a óò sì kọjá sí orí tó kàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún un wò. Àwọn tó fún ọkùnrin yìí lésì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n. Olùkírun ni wọ́n. Ẹ̀sìn ni wọ́n rò pé àwọn ń dáàbò bò. Síbẹ̀ Ànábì kò sọ pé àkókò rẹ̀ ló tó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí wọ́n máa lọ torí pé ohun rere ni wọ́n gbèrò. Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn ló lò. Bí ìmọ̀ràn àìmọ̀ lórí ìwẹ̀ bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó ní kí wọ́n má tíì gbé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Kádàrá ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Wọ́n á ní ohun tí Ọlọ́hun bá ti kọ ni yóò ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni. Ìgbàgbọ́ nínú kádàrá wà lára òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ kádàrá tó Umar ọmọ Khattab? Bukhari gbà á wá pé nígbà tí Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣámù, ó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, wọ́n sì sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ilẹ̀ náà. Ó pe àwọn àgbà jọ, wọ́n gbìmọ̀, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun làwọn ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn. Ó fi ràkúnmí ṣe àpèjúwe fún un: bí o bá da ràkúnmí rẹ dé àfonífojì tí apá kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ tí apá kejì sì gbẹ, apá yòówù tó o bá ti jẹ̀ wọ́n, kádàrá náà ni.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ẹ̀bá títì. Ọkọ̀ tó kọlu arákùnrin wa, kádàrá ni. Ọkọ̀ kejì tó dúró tó ní ẹ gbé e wá, kádàrá ni. Ọsibítù tó wà níwájú, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, kádàrá ni wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé èyí tó ṣeni léṣe nìkan la máa ń pè ní àkọsílẹ̀ Ọlọ́hun? Nígbà tí àwọn ará oko Lárúbáwá béèrè lọ́wọ́ Ànábì bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn, gẹ́gẹ́ bí Usamah ọmọ Sharik ṣe ròyìn, ó ní kí wọ́n máa wá a, nítorí kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó. Nínú Súrátù Baqarah, áyà 195, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa pé kí a má fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ nínáwó sójú ọ̀nà Ọlọ́hun ni áyà náà sọ̀ kalẹ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò fi mọ síbẹ̀ nìkan.

Ànábì fúnra rẹ̀ gbọgbẹ́. Ní ọdún kẹta Híjírà, níbi ogun Uhud, eyín rẹ̀ kán, ojú rẹ̀ ya, akoto irin tó dé sórí sì fọ́ mọ́ ọn. Sahl ọmọ Sa'd sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀: Fatimah ọmọ rẹ̀ ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà, Ali sì ń fi asà bu omi dà á. Nígbà tí Fatimah rí i pé ńṣe ni omi ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa pọ̀ sí i, ó mú ẹní kan, ó sun ún di eérú, ó fi eérú náà lé ojú egbò, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Hádíìsì yìí dùn mọ́ wa púpọ̀. Orí pápá ogun ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, wọn kò dúró dé Madinah. Ọmọbìnrin ló mú iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́, ó yí i padà kíákíá. Kò sì sí ẹnì kan tó sọ pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni, àwọn màláíkà yóò tọ́jú rẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹ máa jó ẹní o! Ohun tó wà lọ́wọ́ Fatimah ló lò. Ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa lónìí ni aṣọ mímọ́ tí a tẹ̀ mọ́ ojú egbò gírígírí títí a ó fi dé ọsibítù. Eérú àdògán, iyẹ̀pẹ̀, bẹntiróò, epo dúdú inú ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì máa ń dà sí egbò, gbogbo ìwọ̀nyí ń kó ìdọ̀tí wọlé, inú ìdọ̀tí sì ni kòkòrò tó ń fa àrùn ipá wà. Àrùn yìí kì í yọjú lọ́jọ́ tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ gún ìṣó. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ 3 sí 21. Ojú egbò lè ti jinná, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni náà wá le, kí ẹnu má ṣeé là, kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa tẹ̀ kọrọdọ, kí wọ́n sì máa sọ nílé pé ayé ló ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ wà fún un, ọjọ́ tí ènìyàn gbọgbẹ́ gan-an ló sì yẹ kó lọ béèrè rẹ̀.

Nígbà ogun Khandaq, ní ọdún karùn-ún Híjírà, ọfà ba Sa'd ọmọ Mu'adh ní iṣan apá. Ànábì ní kí wọ́n pa àgọ́ fún un nínú mọ́sáláṣí kí òun lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Àwọn onítàn sọ pé àgọ́ Rufaydah, obìnrin ìdílé Aslam tó ń tọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́, ni wọ́n gbé e sí. Nínú mọ́sáláṣí Ànábì! Àwọn kan nínú wa lónìí kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wọ ọgbà mọ́sáláṣí nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé egbò yẹn ló padà pa Sa'd. Ìtọ́jú kì í lé ikú dànù. Ṣùgbọ́n wọ́n kò tìtorí pé ikú lè dé kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mọ ìdí tí a fi ń pariwo pé kíákíá, kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi líta 5 lọ. Bí iṣan ńlá bá já nítan, ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti tú ohun tó máa pa ènìyàn dànù. Èyí tó hàn síta nìyẹn, ojú sì lè rí i. Èyí tó burú jù ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú. Awakọ̀ lè fi àyà tàbí ikùn gbá ìdarí ọkọ̀, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ya, kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kó máa bá àwọn èrò sọ̀rọ̀. Ikùn á máa le díẹ̀díẹ̀, ara á máa tutù, òógùn á máa bọ̀, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́. Àwọn tó yí i ká á ní ẹ̀rù ló bà á.

Ti orí ló ń tan ènìyàn jù. A mọ ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 19, tó já lórí ọ̀kadà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti ibi wáàsí. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láṣọ, ó ní kò sí nǹkan. Ó kí ìrun Mọ̀gàríbà pẹ̀lú jámọ́ọ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun, wọ́n fún un ní Panadol. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ebi ni. Ó ń tòògbé ṣáá, wọ́n ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kó lọ sùn. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jí i fún Àsùbáà, kò dáhùn mọ́. Láti ibi tó sùn sí dé ọsibítù ńlá kò tó ìrìn ìdajì wákàtí. Kí Ọlọ́hun forí jì í. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa: iṣan kan ti já lábẹ́ agbárí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń gbára jọ díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ní àkókò yẹn ènìyàn lè máa rìn, kó máa rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹni tó bá fi orí gbá nǹkan tó sì dákú bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, tàbí tó ń bì léraléra, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tí oorun ń gbé e lọ lódìlódì, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, ẹ má jẹ́ kó sùn sílé. Àní kó ní òun fẹ́ lọ sùn, ẹ má gbà fún un.

Níbi àdúà la ti mọ̀ pé inú máa bí àwọn kan sí wa. Olùkọ́ kéú la jẹ́, a kì í sì í fojú kéré Alùkùránì. Àwọn Sàhábà ka Fátíhà sí olórí ìlú kan tí àkéekèé ta, ara rẹ̀ sì yá, Ànábì sì fọwọ́ sí i. Ànábì Ibrahim náà, nínú Súrátù Shu'ara, áyà 80, sọ pé bí àìsàn bá ṣe òun, Ọlọ́hun ló ń wo òun sàn. Ẹ máa ka Alùkùránì sí ẹni tó farapa lẹ́tí nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ kí ẹ máa ṣe àdúà. Ohun tí a ń bá jà ni kí wọ́n gbé ẹni tí eegun itan rẹ̀ ti kán wá sílé Àfáà, kí wọ́n fọ wàlá fún un ní hàntú mu, kí wọ́n so tírà mọ́ ọn lọ́rùn, kí wọ́n ní kó lo ọjọ́ méje. Nígbà tí àìsàn ọkàn ṣe Sa'd ọmọ Abi Waqqas, Ànábì gbé ọwọ́ lé e láyà, ó sì tún ní kí ó lọ rí al-Harith ọmọ Kaladah ará Thaqif, nítorí oníṣègùn ni. Ta ni àdúà rẹ̀ gbà tó ti Ànábì? Síbẹ̀ ó júwe oníṣègùn. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ń jiyàn lórí bóyá al-Harith yìí gba Ìsìláàmù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ Kìrìsìtẹ́nì tó wà láyà dókítà sọ pé òun kò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan èèyàn òun.

Ẹ̀yin Àfáà kékeré tí ẹ ń ka ìwé yìí, hádíìsì kan wà fún wa. Abu Dawud àti Nasa'i gbà á wá pé ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn tí a kò sì mọ̀ ọ́n mọ ìṣègùn, òun ni yóò gbé ẹrù ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àwọn onímọ̀ fíkì ka èyí sí gbèsè gidi tí ènìyàn lè san lórí ẹ̀mí tàbí ẹ̀yà ara tó bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó farapa dé ọ̀dọ̀ wa, àdúà tó dára jù ni kí a wọ bàtà, kí a bá wọn dá ọkọ̀ dúró.

Ti àwọn tó ń to eegun kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, a kò sì fẹ́ bú wọn. Iṣẹ́ àjogúnbá ni, àwọn kan mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kán nígbà èwe ló fi ọwọ́ ọ̀hún ń jẹun lónìí. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí inú ara. Bí eegun bá ti yọ síta, tàbí egbò wà níbi tó ti kán, inú eegun gan-an ni ìdọ̀tí ti ń wọ̀ yẹn, fífọ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ àti oògùn tó ń pa kòkòrò ni oògùn rẹ̀, lọ́jọ́ náà. Ohun kejì ni dídì. Nígbà tí wọ́n bá fi ọparun àti aṣọ di ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, ẹsẹ̀ á wú, okùn kò ní wú, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́. Bí ìka bá tutù, tó ń dúdú, tí kò mọ̀ nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí ìrora náà pọ̀ ju ọjọ́ tó kán lọ, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì máa sáré lọ. Wákàtí mélòó kan ni ara tí kò rí ẹ̀jẹ̀ fi ń kú. Àwọn ọmọdé tí apá wọn kán lásán tí wọ́n sì padà gé e, irú ìdì bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ wọn dà bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ọsibítù eegun ti Ìgbóbì ti wà láti nǹkan bí ọdún 1945. Kì í ṣe ohun tuntun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé lánàá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì di gígé, ẹbí á gbé èèyàn wọn sá kúrò lọ́sibítù lóru. Ẹ jẹ́ ká rántí Urwah ọmọ Zubayr, ọmọ Asma ọmọ Abu Bakr, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ fíkì méje ìlú Madinah. Àwọn ìwé ìtàn sọ pé ó ń lọ sọ́dọ̀ Kálífà al-Walid ní Ṣámù nígbà tí àrùn jíjẹrà mú ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní bí wọn kò bá gé e, yóò ràn dé òkè. Ó gbà, wọ́n fi ayùn gé e. Lórí ìrìn àjò kan náà ni ẹran ta ọmọ rẹ̀ kan nípàá, ó sì kú. Urwah dúpẹ́ fún Ọlọ́hun lórí ohun tó ṣẹ́ kù fún un, ó padà sí Madinah, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn. Wọ́n ní ó kọ̀ láti mu ohun tó máa mú un sùn. Ìyẹn tirẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìtàn rẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ akunnilóorun, nítorí àwọn onímọ̀ òde-òní fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ kan wà tó kàn yín gan-an. A ti gbọ́ nípa obìnrin tó farapa nítan, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí dókítà obìnrin bá dé, wákàtí sì ń lọ. Bíbo ara jẹ́ ọ̀ranyàn, a kò ní yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ìlànà ṣàrìá ni pé ọ̀ràn tó le koko ń mú ohun tí a kọ̀ di ohun tí a yọ̀ǹda, ní ìwọ̀n tó bá tó. Bí dókítà obìnrin bá wà nítòsí, òun ló ṣáájú. Bí kò bá sí, ọkùnrin yóò tọ́jú rẹ̀, ibi tó farapa nìkan ni yóò ṣí, kí ẹbí rẹ̀ tàbí nọ́ọ̀sì obìnrin wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó ti rí fún àwọn ọkùnrin náà nìyẹn: Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh sọ pé àwọn obìnrin máa ń bá Ànábì lọ sógun, wọ́n ń bu omi fún àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́. Àwọn tó gbọgbẹ́ wọ̀nyẹn, ọkùnrin ni wọ́n. Bí ìwọ ọmọbìnrin bá ní ọpọlọ fún iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, Rufaydah àti Rubayyi' ti ṣáájú rẹ. Àwọn bàbá tó ní àwọn kò fẹ́ dókítà ọkùnrin fún aya wọn, àwọn náà ló yẹ kó kọ́kọ́ rán ọmọbìnrin wọn lọ síléèwé ìṣègùn.

Bákan náà ni gbígba ẹ̀jẹ̀ sára. Mímu ẹ̀jẹ̀ ni a kọ̀ fún wa. Gbígbà á sára láti gba ẹ̀mí là wà nínú ohun tí àwọn onímọ̀ òde-òní fọwọ́ sí, fífún ẹlòmíràn sì ní ẹ̀san.

Ó kù ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń dúró wòran. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń bà wọ́n, wọ́n ń rò pé bí àwọn bá gbé e, wọ́n á ní àwọn ló kọlù ú. A kò ní purọ́ pé ẹ̀rù yẹn kò ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ilé-ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá rú u. Fún ẹni tí ìbọn bà, òfin mìíràn jáde ní ọdún 2017: kí wọ́n gbà á láìbéèrè ìwé ọlọ́pàá, láìgba owó ìṣáájú. Ọsibítù fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí. A mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń béèrè owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ òfin náà fún wọn, ẹ bi wọ́n pé ta ni ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹnì kan nínú yín sì ti máa wá owó lọ. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù, kó lọ ka Súrátù Ma'idah, áyà 32, níbi tí Ọlọ́hun ti fi ẹni tó gba ẹ̀mí ẹnì kan là wé ẹni tó gba gbogbo ènìyàn là.

Lórí títì, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. 112 wà fún pàjáwìrì gbogbo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò. Àyàfi bí iná bá fẹ́ ràn, ẹ má fa ẹni tó há sínú ọkọ̀ jáde ní apá kan bí àpò ẹ̀wà. Eegun ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn lè ti kán, ẹni tí ìbá rìn á wá di ẹni tí kò lè rìn láéláé. Ẹ gbé e tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà ní gbọọrọ, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú. Ẹ má da omi lé ẹni tó dákú lórí, ẹ má sì rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ pàápàá, ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò ṣe fún un.

Àwọn kan béèrè nípa ìrun àti ààwẹ̀ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìrun kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí làákàyè rẹ̀ bá wà, ṣùgbọ́n bó bá ti rọrùn fún un ni yóò kí i: níjòkòó, ní ìdùbúlẹ̀, tàbí kó fi orí júwe. Ibi tí wọ́n fi báńdéèjì tàbí sìmẹ́ǹtì dì, ọwọ́ tútù ni yóò fi pa á lórí nígbà àlùwàlá, kò gbọdọ̀ tú u. Bí omi yóò bá pa á lára, tàyámámù ni tirẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ èyí fún lórí ìrìn àjò ọjọ́sí la ti sọ ìtàn rẹ̀ yẹn. Bí jàǹbá bá bá a nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì tí dókítà sì ní kó lo oògùn, kó lò ó, yóò san án padà lẹ́yìn tí ara bá yá, gẹ́gẹ́ bí Súrátù Baqarah, áyà 184 àti 185, ṣe yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Ní ti ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń múra ìrìn àjò ìpàgọ́, a bẹ àwọn Àmíìrì pé kí ọkọ̀ tó ṣí, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo èrò sílẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà ẹni tí a ó pè nílé. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ Àmíìrì nínú ọkọ̀, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò bá wọn lọ. Kí àpótí ìtọ́jú wà lábẹ́ ìjókòó: aṣọ mímọ́, báńdéèjì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, sáàsí, iná tọ́ọ̀ṣì.